Kí Ẹnu Tó Kan Ọtí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn Onígbàgbọ́, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò tíì fi ẹnu kò lé lórí láti ayébáyé: níbo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ọtí wà, inú agbè ni, tàbí inú ẹni tí ó gbé agbè sẹ́nu? Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, níbi tí àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire láti Nàìjíríà àti Benin ti ń ṣòwò, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ẹnu àwọn àlùfáà nìkan, nítorí oríṣi ọtí méjì ni ojú ń rí níbẹ̀. Èkíní ni bíà Régab, tí ilé-iṣẹ́ SOBRAGA ń pọn sínú ìgò ńlá, tí wọ́n sì kọ ìwọ̀n agbára rẹ̀ sí ara ìgò. Èkejì ni ọtí àpọnsílé: toutou, tí í ṣe ẹmu ọ̀pẹ, musungu, tí wọ́n ń fi omi ìrèké ṣe, àti ọtí ọkà irú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwa, tí ẹni tí ó rà á kò ní ẹlẹ́rìí kankan ju ahọ́n ara rẹ̀ lọ.

Ahọ́n kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́. Bí ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú ẹmu ni adùn ń lọ, tí agbára sì ń wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹmu tí kò mi arúgbó ní òwúrọ̀ lè gbé géńdé ṣánlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí èyí ni àwọn apọntí tí ó mọṣẹ́ ṣe ń lo ọ̀pá gíláàsì oníwọ̀n tí àwọn elédè Faransé ń pè ní densimètre. Wọn a jù ú sínú omi ọkà tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí wọ́n tó da ìwúkàrà sí i. Ṣúgà ti mú omi náà ki, ọ̀pá a sì léfòó sókè. Bí ó bá fi 1.048 hàn ní ọjọ́ náà, tí ó sì fi 1.010 hàn nígbà tí híhó ti dáwọ́ dúró, a ó yọ ti ìkẹyìn kúrò nínú ti ìṣáájú, yóò ku 0.038; a ó fi 131.25 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì rí i pé agbára ọtí náà sún mọ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ro ó títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde, nítorí ìfófòó a máa gbé ọ̀pá sókè lọ́nà èké.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹyọ ìwò kan tí ó lè sọ agbára ọtí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni ó ń sọ ọ́. Ibí ni toutou ti di àdìtú, nítorí láti orí ọ̀pẹ, nínú agbè tí a so mọ́ ọn, ni ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ tí à bá kà sì ti lọ kí adẹ́mu tó fi igbà sọ̀ kalẹ̀. Òṣùwọ̀n ọtí líle tí Gay-Lussac ará Faransé gbé jáde ní 1824 pàápàá kò lè gbà wá, nítorí ṣúgà tí ó ṣẹ́kù nínú ẹmu yóò tàn án jẹ.

Àwọn ẹlẹ́sìn náà ní ohun tí wọ́n sọ nípa ìwọ̀n ọtí. Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá, alámọ̀ rere, ẹni tí Olódùmarè fi iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé rán, kì í ṣe òpè; síbẹ̀ ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn olùsìn rẹ̀ kò sọ pé àwọn yóò máa mu ún níwọ̀nba. Wọ́n sọ ẹmu di èèwọ̀ pátápátá. Nínú Ìsìláàmù, Abu Hanifa, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ará Kufa, tí ó kú ní 767, fàyè sílẹ̀ fún ọtí ọkà àti ti oyin, bí kò bá ti pa ẹni tí ó mu ún. Ṣùgbọ́n Malik ará Medina, tí ó kú ní 795, tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń tọ ọ̀nà rẹ̀, kò fi ìyàtọ̀ kankan sáàárín díẹ̀ àti púpọ̀. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ gba Tímótì níyànjú pé kí ó lo wáìnì díẹ̀ nítorí àìlera inú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yóò sọ pé Abu Hanifa ni ó mọ ènìyàn jù, nítorí àṣejù ni baba àṣetẹ́, kì í ṣe mímu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn díẹ̀ náà? Ẹni tí ó ń mu ún ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni làákàyè tí ènìyàn fi ń mọ ìwọ̀n ni ọtí kọ́kọ́ ń jí gbé. Ojú tí ó dá ṣáká ni ó dájọ́ fún ife àkọ́kọ́. Ọtí fúnra rẹ̀ ni ó ń dájọ́ fún ìkẹta, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nítorí náà, ọmọ ìyá kan náà ni èèwọ̀ àwọn olùsìn Ọbàtálá, òfin Malik àti ọ̀pá gíláàsì apọntí: gbogbo wọn ni ó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò mu, tí wọ́n sì parí rẹ̀ kí ẹnu tó kan ọtí.

Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti gbàgbé ẹnì kẹta, ẹni tí ó gbé agbè lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àìmọ̀ kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tí ó lè mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò wò. Apọntí tí ó ní ọ̀pá ìwọ̀n jẹ oníbàárà rẹ̀ ní gbèsè iye tí ó kà. Adẹ́mu tí kò sì lè sọ iye, ó lè sọ wákàtí tí ó gbé ẹmu rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá pe ẹmu àná ní ẹmu òwúrọ̀, òṣùwọ̀n èké ni ó lò, ìpín tirẹ̀ sì wà nínú ìṣubú ẹni tí ó gbà á gbọ́.