Ǹjẹ́ Iṣẹ́ tí Ọjà Kò Rà Di Asán Bí?

Ní ọdún 1783, ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, Carl Philipp Emanuel Bach, tí ó ti di ẹni ọdún 69, kọ sònátà kan fún dùùrù kan tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Bogenclavier ni wọ́n ń pe dùùrù náà. Johann Hohlfeld ṣe irú rẹ̀ kan ní Berlin ní nǹkan bí ọdún 1754. Bí ìka bá tẹ igi rẹ̀, okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe yóò lọ kan kẹ̀kẹ́ tí ń yí, tí a fi irun ẹṣin bò. Kẹ̀kẹ́ náà yóò sì máa ha okùn bí ọrun onígòjé ti ń ha okùn gòjé. Nítorí náà, ohùn rẹ̀ kì í tètè kú. Ó ń dún títí ìka yóò fi kúrò.

Bach kò ṣàìmọ̀ pé dùùrù yìí kò gbilẹ̀. Nínú apá kejì ìwé rẹ̀ lórí dùùrù títẹ̀, tí ó jáde ní 1762, ó kẹ́dùn pé kò tíì wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ọdún 21 lẹ́yìn náà, ó kọ sònátà fún un. Dùùrù náà kò sì gbilẹ̀ títí di òní. Píánò ni ó gba ipò.

Ìbéèrè tí ó jẹ yọ nìyí: ṣé làálàá lásán ni Bach ṣe? Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní ọjọ́ ayé ẹni kò pọ̀, ọlọ́gbọ́n kì í sì í gbin iṣu sórí àpáta. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kejì. Ní 1732, ní Florence, Lodovico Giustini tẹ sònátà 12 jáde fún píánò, èyí tí Bartolomeo Cristofori dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1700. Nígbà náà, píánò pàápàá ṣọ̀wọ́n. Lónìí a ń pe Giustini ní aṣáájú. Bí píánò bá ti parun ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ì bá má yàtọ̀ rárá. Orúkọ tí a fún un nìkan ni ì bá yàtọ̀. Orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í sì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá wá ń fi èrè ìgbẹ̀yìn nìkan díwọ̀n iṣẹ́, oríire ni a ń yìn, kì í ṣe ìwà.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Bach le ju ti Giustini lọ, nítorí ó ti rí i pé ọjà kò rà á. Ṣùgbọ́n kíkẹ́dùn nìkan kò tó fún ẹni tí ó mọ iyì ohun kan. Ó yẹ kí ó ṣe ipa tirẹ̀. Sònátà náà kò sì bá dùùrù rẹ̀ lọ: píánò tàbí dùùrù mìíràn ni a sábà fi ń tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ká ní iṣẹ́ gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi ni, ta ni ì bá ru ú kọjá?

Nítorí náà, olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré jókòó níwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ wọn ní ìlàjì. Iye ènìyàn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà yóò ti dára tó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.