Irọ́ Àdírẹ́ẹ̀sì àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ ní Ìdálẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé náà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ọmọ ní àyè ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà àwọn ará ilé ni wọ́n ń wò. Ibi tí ilé wà ni. Bí àwọn tí ń fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan bá pọ̀ ju àyè tí ó wà níbẹ̀ lọ, wọn yóò kọ́kọ́ mú àwọn tí òfin ní kí wọ́n mú, bí àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, àti lọ́pọ̀ ibi, àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ilé ọmọ ṣe jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Ẹni tí ó ń gbé ní òpópónà kejì lè wọlé, kí ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ẹni tí ó ń gbé ní ìkẹta lójú.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa tí ń kó ìdílé wọn lọ sí Ìlú Ọba. Ọmọ ọdún márùn-ún máa ń tètè bá ilẹ̀ tuntun mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó kúrò ní kíláàsì JSS 3 ní Ìbàdàn lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Year 10, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún méjì tí yóò gbé wọn dé ìdánwò GCSE. Kò sí àyè fún àṣìṣe púpọ̀. Àwọn onílùú ti forúkọ ọmọ tiwọn sílẹ̀ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ìforúkọsílẹ̀ náà máa ń parí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta sì ni èsì rẹ̀ máa ń jáde. Àlejò tí ó bá dé láàárín ọdún yóò gba èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ ti kún. Èyí tí àyè wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí àwọn onílùú ti sá fún.

Níbi tí ọ̀ràn dé yìí ni ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan yóò ti sọ̀rọ̀ ìtura: “Ẹ ò ṣe lo àdírẹ́ẹ̀sì tiwa?” Ilé tirẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ rere. Ìwé báńkì kan tàbí méjì tí ó ń gba ibẹ̀ wọlé ti tó. Èmi kò mọ ìmọ̀ràn mìíràn tí a máa ń fi inú rere gbà wá báyìí, tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ òbí tí ó gba ìmọ̀ràn náà, nítorí agbẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Olówó tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yóò ra ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ilé tí ó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ rere máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ti wá di ohun tí a ń fi owó rà, ẹnikẹ́ni kò sì pe olówó náà ní olè. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí ń ṣe iṣẹ́ òru, tí ó ń san owó ilé yàrá méjì, ni wọn yóò pè ní arẹ́nijẹ bí ó bá ya àdírẹ́ẹ̀sì lò. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ rán ìyá adúláwọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá nítorí pé ó fi àdírẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀ forúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì sílẹ̀ ní agbègbè tí ilé-ẹ̀kọ́ ti dára ju ti agbègbè tirẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni gómìnà tó dín ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn kù. Ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ pàápàá kò bọ́. Ní ọdún 2008, káńsù Poole ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán òṣìṣẹ́ láti máa ṣọ́ ìdílé kan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń gbé ibi tí wọ́n sọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ní ọdún 2010, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá káńsù lẹ́bi. Òfin tí ń ṣe báyìí, ta ni yóò sọ pé ó mọ́?

Mo gbà pé kò mọ́. Síbẹ̀, ta ni irọ́ náà ń lé kúrò lórí ìlà? Kì í ṣe ọmọ olówó. Ọmọ olówó ń gbé ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí irọ́ tí ó lè tì í sẹ́yìn. Ẹni tí ó wà ní ìparí ìlà, tí ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án, ni àyè yóò bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún jẹ́ ayálégbé bíi tiwa, àlejò bíi tiwa, tí kò kàn ní ẹ̀gbọ́n tí yóò yá a ní àdírẹ́ẹ̀sì. Àwọn tí ó máa ń sọ pé ìjọba ni àwọn rẹ́ kò tíì bi ara wọn léèrè orúkọ ọmọ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àṣà yìí. Nílé níbí, àwọn òbí kan ti ń gba ìwé-ẹ̀rí ìlú abínibí ti ìpínlẹ̀ tí wọn kò ti wá, nítorí pé máàkì tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan kéré sí ti òmíràn. Àṣà náà wà nínú ẹrù wa kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí a lè gbé gba ibikíbi kọjá. Ó mọ ilé tí ó ti jí ní òwúrọ̀. Mo bá ọmọbìnrin kan pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí àgbà ti máa ń ṣe, pé apá ibo ni wọ́n ń gbé. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ ná, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé: “Èwo nínú rẹ̀, sà? Ti ilé ni àbí ti ilé-ẹ̀kọ́?” Àwọn tí ó wà ní ìjókòó rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dúró dè mí kí n sọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yí i padà, mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè pe ọ̀rẹ́ wá sílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá béèrè ìdí tí ó fi pẹ́ dé, kò lè sọ pé bọ́ọ̀sì méjì ni òun wọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni a fi ṣe àgádágodo fún ohun tí àwa fi ọwọ́ ara wa kọ sínú fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ káńsù sì lè gba àyè náà padà bí àṣírí bá tú. Àwa kan náà ni yóò pe ọmọ yìí jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí a óò máa sọ fún un pé ọmọ Yorùbá kì í purọ́, pé kó má ṣe fìwà jọ àwọn ará ibí. Irú ojú wo ni ó yẹ kí ó fi wò wá?

Ti àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tiwọn fún ọdún méjì, kí àlùfáà lè bá wọn fọwọ́ sí ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó kàn jẹ́ pé Ọlọ́run ni wọ́n yá àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lò, n kò sì ní í bá wọn jà sí i.

Kí ni kí òbí wá ṣe? Kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí àyè wà nínú rẹ̀, kí ó sì mú ọmọ náà dání, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ búburú ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ti pẹ́ ju ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ báyìí lọ. Kí ó fi orúkọ ọmọ sí ìwé àwọn tí ń retí àyè ní ibi tí ó wù ú. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó jókòó níwájú wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n náà sì máa ń bẹ̀rù láti dúró níwájú òyìnbó mẹ́ta.

Bàbá kan tí mo mọ̀ gba ọ̀nà yìí, ìgbìmọ̀ náà sì dá a lẹ́bi. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ ni ọmọkùnrin rẹ̀ lọ. Ó bi mí ní ọdún kejì bóyá òtítọ́ tí òun sọ kò ti pa ọmọ náà lára. N kò ní ìṣirò tí mo lè fi dá a lóhùn. Máàkì ọmọ náà nínú ìṣirò kò dára tó bí ó ṣe yẹ, bàbá rẹ̀ sì ń sanwó fún ẹni tí ń kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí, tí ọmọ náà wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n sì lọ ṣí ìkòkò ìrẹsì.