Ṣé Ó Yẹ Ká Kọ́ Ọmọ Bí Olè Ṣe ń Ṣílẹ̀kùn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ní àwọn ilẹ̀ kan, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí èèyàn ṣe lè wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tì pa. Ẹ lè sọ pé: ṣé ilé ẹ̀kọ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ olè jíjà ni? Mi ò bá yín jiyàn. Ní Benin níbí, ọlọ́pàá ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Òbí tó bá rí ọmọ rẹ̀ nídìí fóònù lóru, àyà rẹ̀ á já.

Ẹ wo ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lọ́jà. Bí kọ́kọ́rọ́ yín bá sọnù, ẹ ó pè é, á ṣílẹ̀kùn lójú yín, ẹ ó sì sanwó. Bí ọkùnrin kan náà bá fi irin kan náà ṣílẹ̀kùn yín nígbà tí ẹ wà lóko, olè ni. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà. Àṣẹ onílé ni kò sí.

Ní ọdún 1988, Robert Morris ń kàwé ní yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ó tú ètò kékeré kan sílẹ̀ tó ń dá rìn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Kò jí owó, kò pa ìwé rẹ́. Ṣùgbọ́n ètò náà ń bí ara rẹ̀ láìdúró, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ ní kó san ìtanràn 10.050 dọ́là, kó sì fi wákàtí 400 ṣiṣẹ́ fún ìlú. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni baba rẹ̀ gan-an ń ṣe fún ìjọba! Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni kọ̀ǹpútà. (Ó padà di olùkọ́ yunifásítì.)

Ní ọdún 2013, yunifásítì Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà náà, dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pè é ní picoCTF. Àwọn tó ṣe ìdíje náà fúnra wọn ló ń fi nǹkan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wá a kàn. Ilẹ̀kùn tí onílé ní kí wọ́n ṣí ni wọ́n ń ṣí.

Kí ni èrè rẹ̀ fún wa? Ẹ mú nọ́mbà ìkọ̀kọ̀ oníhòóho mẹ́rin, láti 0000 dé 9999. Ó jẹ́ 10.000. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe é, olè kò ní dán 100 wò kó tó rí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ èyí ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó pààrọ̀ tirẹ̀. Òun náà ni yóò sọ fún un pé, bí ẹnì kan bá pè é pé kó ka nọ́mbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó pa fóònù. Olè bẹ́ẹ̀ kì í já kọ́kọ́rọ́, ẹnu onílé ló fi ń ṣílẹ̀kùn.

Mi ò ní tàn yín: ọmọ kan lè fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di olè kò ní bi yín kó tó kọ́ ọ. Ó sàn kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó máa sọ ti àṣẹ fún un, àti ti òfin. Òfin Benin ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà láìní ẹ̀tọ́ ti dẹ́ṣẹ̀, kódà bí kò mú nǹkan kan.

Ibi tó le jù kù sọ́wọ́ àwa àgbà. Ọmọ kan rí i pé ààbò kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dára, ó sì wá sọ. Bí a bá pè é lólè, èkejì rẹ̀ kò ní sọ mọ́. Ẹ bi í bó ṣe mọ̀. Bó bá jẹ́ ìta ló ti rí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti wọlé kó tó sọ, ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dí ihò náà.