Ojú Kọ̀ǹpútà Méjì

Àwọn ẹlòmíràn ń bèèrè bí ó bá yẹ kí akọ̀wé kan gbé ojú kọ̀ǹpútà méjì kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ohun náà kì í ṣe tuntun. Macintosh II ti ọdún 1987 ti gbà á láàyè. Àwa kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ń túmọ̀ ìwé, tí ó ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, tí ó sì ń kọ ti Yorùbá sí apá ọ̀tún, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ìṣirò owó oṣù àwọn olùkọ́ bá wà ní apá kan, tí ìròyìn àti ọ̀rọ̀ àwàdà sì ń yọjú ní apá kejì ńkọ́? Ní ọdún 2009, Sophie Leroy, ẹni tí ó ṣe ìwádìí nípa ìṣe ènìyàn níbi iṣẹ́, fi hàn pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí lọ sí òmíràn, apá kan ọkàn wa a máa wà lọ́dọ̀ ti ìṣáájú síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àkókò ara rẹ̀ nìkan ni akọ̀wé náà ń fi ṣòfò, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a ṣi iye owó rẹ̀ kọ kò sí nínú yàrá náà. Kò gbọ́ àwàdà náà, kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ni yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ ní ìparí oṣù.