Ẹnu Tí A Háyà

Bí ènìyàn bá háyà ẹlòmíràn pé kó wá bá òun sọ̀rọ̀, tó sì sanwó fún un, ta ló ni ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu onítọ̀hún jáde? A ò ronú sí ìbéèrè yìí rí. Omi ló gbé e wọlé wa.

Oṣù kejì ọdún 2021 ni, ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìlú ooru ni Houston, àwa Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Inú àjà ni páìpù omi ilé wa gbà kọjá, torí àwọn tó kọ́ ilé náà ò rò ó pé yìnyín lè dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù náà, òtútù tí a ò rí irú rẹ̀ rí mú wa. Iná mànàmáná lọ ní ilé tó ju mílíọ̀nù 4 lọ káàkiri Texas. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú tán, ó jẹ́ 246. Nítorí náà, a dúpẹ́ pé omi lásán ni tiwa. Omi di yìnyín nínú páìpù, páìpù là. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, àjà pálọ̀ já lulẹ̀ lé àga lórí, omi sì ṣàn títí dé ilé ìdáná.

Ọdún mẹ́fà la ti ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, a ò jẹ wọ́n rí. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn wá. Kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ya fọ́tò àjà, ó ya fọ́tò kápẹ́ẹ̀tì, ó bá wa kẹ́dùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé: dọ́là 9,200 ni gbogbo ìbàjẹ́ náà lójú tiwọn. Wọ́n yọ 2,500 tí àdéhùn ní kí onílé kọ́kọ́ fara mọ́, wọ́n fi 6,700 ránṣẹ́. Ẹni tí a pè pé kó wá bá wa tún ilé ṣe wo lẹ́tà náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní public adjuster. Òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá yẹn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó fún un. Public adjuster ní tirẹ̀, onílé ló ń háyà rẹ̀. Òun ni yóò ka ìwé àdéhùn, tí yóò wọn ìbàjẹ́, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàá-dúrà lórúkọ onílé. Ní Texas, kò lè ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n bá san lọ. Bí onílé bá fọwọ́ síwèé tán, tí ọkàn rẹ̀ wá yí padà, ó ní wákàtí 72 láti yọwọ́ ńbẹ̀.

A pe Màmá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí WhatsApp. Aṣọ ni wọ́n tà lọ́jà fún ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn. Wọ́n ní, "Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ṣé ẹ̀yin ò lẹ́nu ni? Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín."

A lẹ́nu, Màmá. A ti fi ẹnu náà pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni ọ̀tọ̀ ló sì ń gbé fóònù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni ìkẹta ní iye tí kọ̀ǹpútà ṣírò nìyẹn, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, torí ètò kọ̀ǹpútà là ń kọ jẹun. A mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣírò ju ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ó ṣòro fún wa láti fọwọ́ síwèé. Ẹ̀tọ́ wa ni owó náà. Ìdí wo ni a ó fi gé nínú ẹ̀tọ́ wa fún ẹlòmíràn kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́? Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Tiwa tún wá yàtọ̀: òtítọ́ gan-an la fẹ́ fowó rà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí náà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé-iṣẹ́ tí yóò sanwó ló tún ń sọ iye tí òun yóò san. A ò pe òṣìṣẹ́ wọn ní olè o. Ilé tó ní láti wò lọ́sẹ̀ yẹn lè pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un kó ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè. A fọwọ́ síwèé.

Wákàtí mẹ́rin ni ọkùnrin tí a háyà lò nílé wa. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wá ọ̀rinrin kan ògiri káàkiri, a sì rí i pé omi ti gun inú ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, níbi tí ojú ò lè rí. Nígbà tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun kan yà wá lẹ́nu. Xactimate ló ń lò, ètò kan náà tí òṣìṣẹ́ adójútòfò fi ṣírò tiwọn, pẹ̀lú iye owó kan náà fún agbègbè wa. Àkọ́kọ́ mú 9,200 jáde, èkejì mú 26,300. Iye owó pákó ò yàtọ̀, iye owó ọ̀dà ò yàtọ̀. Ohun tí ẹnì kìíní ò wò ni ẹnì kejì wò.

Inú wa ìbá dùn dópin bí kì í bá ṣe ìlà kan nínú ìwé náà: yàrá ẹ̀yìn, àjà àti ògiri, 3,400.

Àbàwọ́n kan wà lára àjà yàrá ẹ̀yìn lóòótọ́, ó tó àwo oúnjẹ. Páìpù gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wò ó yóò gbà pé òtútù ló fà á. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì ṣáájú, òrùlé ló ń jò. Ìwé àdéhùn wa sì sọ ọ́ kedere: omi tó bá bẹ́ lójijì, wọ́n á san án, èyí tó bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà ò bi wá. Àwa náà ò sọ fún un.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò tètè sùn. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ọdún mẹ́fà la fi sanwó. Àwọn ló kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Àti pé àwa kọ́ la kọ ọ́. Ṣebí bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe yẹn." Ọ̀rọ̀ náà wọni létí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èkejì tó fèsì pé, "Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni òwe yẹn ń bá wí. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó rán an."

Ibẹ̀ ni a dúró sí. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó kọ kóòdù kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin Texas náà mọ èyí: ẹni tí yóò tún ilé ṣe ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò ṣojú onílé níwájú adójútòfò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ kóòdù wò, ohun tí a kọ nìkan ló ń rí. Kò lè rí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ tó sì gbé mì. Ọkùnrin àkọ́kọ́, wọ́n ń sanwó fún un kó yára. Ìkejì, a ń sanwó fún un kó wò ó fínnífínní, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ bí ìbàjẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ bí yàrá ẹ̀yìn ṣe rí kí òtútù tó dé. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Orúkọ tiwa ló sì wà lókè ìwé náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a pè é, a sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dá yín lójú?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ilé-iṣẹ́ ìbá lè rí fọ́tò àtijọ́ kan, kí wọ́n fi ìlà kan yẹn ṣiyèméjì sí gbogbo yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ọgbọ́n ni òótọ́ tí a sọ. A ò mọ èyí ní alẹ́ tí à ń jiyàn, a ò sì ní purọ́ pé ẹ̀rù ò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá.

Wọ́n parí rẹ̀ sí 21,600. Owó tó wọlé lé ti àkọ́kọ́ jẹ́ 12,400. Ọkùnrin náà mú 1,240 gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, a mú 11,160. A ò bínú sí owó tó mú. Ohun tó ṣì ń dùn wá ni ti ìyá àgbà kan ní òpópónà wa. Páìpù tirẹ̀ náà là. Ó gba sọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó dúpẹ́, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà. Àwa tí a mọ̀ ò tètè yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní, "Alágbàtà yẹn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ọjà." Wọ́n wá bi wá bóyá òrùlé ṣì ń jò. Oṣù kẹjọ ni a tó rówó tún un ṣe, láti àpò ara wa. A ò tíì kun àjà yàrá ẹ̀yìn.