Ìrun Ẹni Tí Ọrùn Rẹ̀ Kì Í Yí



Eegun méje ni Ọlọ́hun Ọba fi to ọrùn ọmọ ènìyàn. Àwọn kan wà tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ láti inú oyún. Klippel àti Feil, dókítà méjì ní ilẹ̀ Faransé, kọ nípa rẹ̀ ní 1912. Orúkọ wọn ni àìsàn náà ń jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n. Ọrùn kì í yí dáadáa, ẹlòmíràn sì tún ní àìsàn kíndìnrín, ti ọkàn tàbí etí dídi pẹ̀lú rẹ̀.

Bí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá ń kírun lórí àga, tí kò yíjú sọ́tùn-ún sósì nígbà sálámọ̀, ẹnu wa a máa yá: "Ìgbéraga ni!" "Àlùjànnú ni!" Ta ló fi wá ṣe adájọ́? Jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe Imraan ọmọ Husaini, ó sì bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ìrun. Ànábì ní kí ó kí i ní ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, ní ìjókòó. Bí ìyẹn náà bá ṣòro, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Bukhari ló gbà á wá. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí Imraan kọ́kọ́ mú ẹlẹ́rìí wá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá wọ́ irú ọrùn bẹ́ẹ̀, kí apá àti ẹsẹ̀ má baà rọ. Dókítà eegun ni kí ẹ sìn ín lọ bá. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin arábìnrin, ẹ gbé àga fún un, kí ẹ sì jókòó síbi tí yóò ti rí yín láìyí ọrùn.