Ta Ni Ó Ni Ojú Òkú?

Bí ènìyàn bá kú, ta ni ó ni ojú rẹ̀? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ dáhùn.

Peter Cushing, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọdún 1994. Ní ọdún 2016, ojú rẹ̀ tún yọ nínú fíìmù tuntun, Rogue One, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pàṣẹ. Òṣèré mìíràn, Guy Henry, ni ó ṣe eré náà níwájú kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé ojú olóògbé lé e lórí. Àwọn tí ó ń bójú tó ogún Cushing fọwọ́ sí i. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Lójú tèmi, kò parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé eré orí ìtàgé kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2022, ABBA Voyage. Àwòrán tí kọ̀ǹpútà ṣe ni ó ń kọrin níbẹ̀, tí àwọn olórin náà rí bí ìgbà èwe wọn. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Industrial Light & Magic, ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ́ ni ìyàtọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ABBA mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi kọrin tí wọ́n sì jó kí ẹ̀rọ lè gba ìṣesí ara wọn sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé sílẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ ń jogún ilé àti oko bàbá rẹ̀, kí ló dé tí kò lè jogún ojú? Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ tí òṣèré ti ṣe ni ogún. Iṣẹ́ tí kò ṣe kì í ṣe ogún. Òṣèré a máa ka ìtàn, a sì lè sọ pé, "Mi ò ṣe." Òkú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Robin Williams, tí ó kú ní ọdún 2014, ti fi sínú ìwé kí ó tó kú pé kí ẹnikẹ́ni má lo àwòrán òun fún ọdún 25. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ká olójú lára!

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ta ló gba àṣẹ lọ́wọ́ Ṣàngó kí Dúró Ládiípọ̀ tó ṣe é nínú Ọba Kò So? Kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo òǹwòran mọ̀ pé Dúró Ládiípọ̀ ni àwọn ń wò. Ojú ara rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ àti òógùn ara rẹ̀ ni ó fi ṣe é.

Ní ọdún 2023, àwọn òṣèré Amẹ́ríkà yan iṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 118, ẹ̀dà ara wọn tí ẹ̀rọ ń ṣe sì wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún. Alààyè lè yan iṣẹ́ lódì. Òkú ńkọ́?

Mo mọ̀ pé owó ńlá lè ṣòroó kọ̀ fún ẹbí tí kò rí jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ èrè fíìmù tí olóògbé ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí òṣèré kò bá gbà kí ó tó kú, kí ilé-iṣẹ́ wá alààyè tí yóò ṣe é. Irú wọn tí ń wá iṣẹ́ kò wọ́n.